Láti Ọnà Lílé dé Fínfín: Ètò Iṣẹ́ Agbẹ́gilére Nínú Kíkun Àwòrán Ẹ̀dá-Ìtàn Lórí Kọ̀ǹpútà

Ìfáárà

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń kun àwòrán ènìyàn lórí kọ̀ǹpútà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú. Yóò ya ẹyinjú, yóò to irun ìpéǹpéjú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì kun ètè títí yóò fi máa dán. Ìgbà tó bá wá sún àwòrán náà sẹ́yìn ni yóò tó rí i pé orí tí ojú náà wà kò jókòó dáadáa lórí ọrùn, àti pé èjìká kan ga ju èkejì lọ. Kò sí bí ẹyinjú ṣe lè rẹwà tó tí yóò fi tún ọrùn tó wọ́ ṣe.

Àṣìṣe yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe kọ̀ǹpútà ló mú un wá. Àwọn agbẹ́gilére Yorùbá ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, wọ́n sì ti ṣètò iṣẹ́ wọn lọ́nà tí kò fi ní wáyé. Àlùfáà ìjọ Kátólíìkì kan, Kevin Carroll, tó bá àwọn agbẹ́gilére ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọnà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, ṣe àkọsílẹ̀ ètò náà nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Religious Carving, tó jáde ní 1967. Lára àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni George Báńdélé, ọmọ Areogun ti Òsì-Ìlọrin, àti Lamidi Fákẹ́yẹ, ẹni tí Báńdélé kọ́ níṣẹ́. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni ètò ọ̀hún ní: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Nínú ọnà lílé, agbẹ́gilére á fi àáké bu igi títí ìrísí gbogbogbòò yóò fi yọ. Nínú àlétúnlé, á pín ìrísí ńlá yẹn sí kéékèèké: orí, ọrùn, àyà, ẹsẹ̀. Nínú dídán, á mú kí ojú igi jọ̀lọ̀. Nínú fínfín, á fi ọ̀bẹ fín irun, ilà ojú, ìlẹ̀kẹ̀ àti ọnà ara aṣọ.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìgbésẹ̀ mẹ́rin wọ̀nyí, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, ni ètò tó tọ́ fún ẹni tó ń kun ẹ̀dá-ìtàn lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, àti pé wọ́n fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ tí wọ́n lè fi máa sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ náà ní èdè Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn lásìkò yìí. Ní 2021 ni ìwé àwòrán Iyanu jáde, Roye Okupe ló kọ ọ́, Godwin Akpan ló ya á; ní 2025 ó di eré àwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní 2024 ni eré Iwájú tí ilé iṣẹ́ Kugali àti Disney ṣe jáde, Èkó sì ni ìtàn náà ti wáyé. Àwọn ọmọ wa ń rí ara wọn lójú ẹ̀rọ báyìí. Ó yẹ kí àwọn kan lára wọn lè kọ́ bí a ṣe ń ṣe é, kí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà má sì jẹ́ àjèjì ní ẹnu wọn.

Ìdí tí ètò fi ṣòro láti pa mọ́ lórí ẹ̀rọ

Igi kì í dárí jini. Èyí tí àáké bá ti gé kúrò kò ṣeé lẹ̀ padà, nítorí náà igi fúnra rẹ̀ ló ń fi ipá mú agbẹ́gilére tẹ̀ lé ètò. Ẹni tó bá fín ilà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ní ìrísí, ọ̀bẹ dídán ni yóò pa ilà náà rẹ́. Kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ló ń dá ohun tí a ṣe padà, ìpele sì wà lórí ìpele bí ìwé tí a lè rí ìdí rẹ̀, tí a lè kun ọ̀kan láìfọwọ́ kan èkejì. Òmìnira yìí dára, ṣùgbọ́n òun náà ló ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ. Nígbà tí ohun gbogbo bá ṣeé tún ṣe, kò sí ohun tó dà bí ẹni pé ó gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Rowland Abiodun ka ìfarabalẹ̀ mọ́ àwọn ìwà tí Yorùbá ń retí lára oníṣẹ́ ọnà. Lórí kọ̀ǹpútà, ìfarabalẹ̀ ló ní láti ṣe iṣẹ́ tí líle igi ń ṣe tẹ́lẹ̀. Oníṣẹ́ ọnà fúnra rẹ̀ ni yóò pinnu pé òun kò ní fọwọ́ kan ojú títí orí yóò fi dúró.

Ẹ̀dá-ìtàn wa àti ibi tó dúró sí

Kí àlàyé yìí má baà jẹ́ ti ẹnu lásán, ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀dá-ìtàn kan. Ìyá kan ni, ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú lójú pópó Powis Street, ní Woolwich, ní gúúsù ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. A kò ya ẹnì kan pàtó. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá ní ọjọ́ Àìkú yóò mọ irú ẹni tí a ń sọ. Ó wọ ìró àti bùbá, ó wé gèlè aṣọ-òkè sányán, ó sì wọ kóòtù dúdú lé e nítorí òtútù.

A yan ojú pópó yìí nítorí ohun tó wà níbẹ̀. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀ ní ìhà ìwọ̀ oòrùn ni ilé sinimá Granada àtijọ́ wà, tí wọ́n ṣí ní 1937; ìjọ Christ Faith Tabernacle ló ń lò ó báyìí. Nítòsí rẹ̀ ni Odeon tí wọ́n ṣí ní ọdún kan náà, èyí tó di New Wine Church. Láàárín ojú pópó náà ni ilé ńlá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ Royal Arsenal wà, tí wọ́n kọ́ ní 1903, bíríkì pupa àti amọ̀ sísun sì ni ojú rẹ̀. Nígbà tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ kì í ti ibì kan ṣoṣo wá bí ti oòrùn ọ̀sán ní Ìbàdàn. Gbogbo ojú ọ̀run ló ń tàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láti òkè, àwọ̀ rẹ̀ sì súnmọ́ búlúù díẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, ilẹ̀ tó tutù yóò máa dá ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ padà láti ìsàlẹ̀. Gbogbo èyí ni yóò darí àwọ̀ tí a ó lò.

Ní ti irinṣẹ́, kọ̀ǹpútà tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì tó gba kálàmù ti tó. Photoshop, Procreate àti Clip Studio Paint ni ọ̀pọ̀ ń lò. Krita jẹ́ ọ̀fẹ́. Fún àwòrán tí a lè tẹ̀ sórí bébà A4, kí ojú iṣẹ́ jẹ́ píksẹ́ẹ̀lì 2480 ní ìbú àti 3508 ní gíga, èyí tí í ṣe píksẹ́ẹ̀lì 300 nínú íǹṣì kan.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ọnà lílé

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìgbésẹ̀ yìí ń dáhùn: ta nìyí, bí a bá wò ó láti òkèèrè? Lo búrọ́ọ̀ṣì líle kan àti àwọ̀ dúdú kan ṣoṣo. Ya òjìji ìyá náà ní kékeré, má ṣe ya ojú, má ṣe ya ìka. Ya mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án, kí ìdúró wọn yàtọ̀ síra, má sì lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà sún gbogbo wọn sẹ́yìn títí wọn yóò fi kéré bí èékánná àtàǹpàkò. Èyí tí o bá ṣì lè dá mọ̀ ni kí o mú.

Níbí ni kóòtù ti di ìṣòro. Nílé, òjìji ìyá tó wọ ìró àti ìborùn ti tó láti sọ ẹni tó jẹ́. Ní Powis Street, kóòtù bo gbogbo rẹ̀ láti èjìká dé orúnkún, òjìji náà sì lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù. Gèlè nìkan ló ṣẹ́kù tó ń sọ̀rọ̀, pẹ̀lú etí ìró tó yọ lábẹ́ kóòtù. Nítorí náà ó yẹ kí gèlè náà ga, kí ìwé rẹ̀ sì hàn kedere, kí a má sì jẹ́ kí ohunkóhun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbé e mì. Òjìji ló sọ èyí fún wa. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹyinjú kò ní mọ̀ ọ́n títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ìwọ̀n orí pẹ̀lú jẹ́ ti ìgbésẹ̀ yìí. Gíga ènìyàn gidi tó orí méje sí mẹ́jọ. Nínú ère Yorùbá, orí lè kó ìdá mẹ́rin gíga ère tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí orí ni olórí ara, òun sì ni ibùjókòó àyànmọ́. Ẹ̀dá-ìtàn inú ìwé ọmọdé lè wà láàárín méjèèjì. Bí gíga rẹ̀ bá jẹ́ orí márùn-ún tàbí mẹ́fà, orí yóò gba ọlá rẹ̀, ara kò sì ní di ère.

Ìgbésẹ̀ kejì: àlétúnlé

Ìbéèrè kejì ni pé: kí ni òjìji náà kó sínú? Pín in sí odindi ńláńlá: gèlè, orí, kóòtù, ìró, báàgì, bàtà. Fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìpele tirẹ̀. Lẹ́yìn náà kí o ronú bí agbẹ́gilére, kí o máa wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe yí nínú afẹ́fẹ́. Orí jẹ́ ẹyin tó dúró. Iwájú orí yí sẹ́yìn, ihò ojú wọlé, imú yọ síta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yí lọ sí etí. Gèlè jẹ́ aṣọ gígùn tó yí orí ká ní ìlọ́po ìlọ́po. Gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀ ló ń ti ibi tí a ti fà á so wá, bí ẹsẹ̀ odò tó ń ya láti orísun kan.

Nínú ìgbésẹ̀ yìí, má tíì lo àwọ̀. Pín gbogbo àwòrán sí ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta péré: èyí tó mọ́, èyí tó wà láàárín, èyí tó ṣókùnkùn. Ẹni tó mọ bí Yorùbá ṣe ń pín àwọ̀ sí funfun, pupa àti dúdú kò ní rí èyí bí àjèjì. Àwọn aṣọ-òkè àgbà mẹ́ta náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìpín yìí mu: sányán mọ́, àlàárì pọ́n, ẹtù ṣókùnkùn. Gèlè sányán ìyá wa á bọ́ sí ìpín èyí tó mọ́, ojú rẹ̀ àti bíríkì ẹ̀yìn rẹ̀ á bọ́ sí àárín, kóòtù á bọ́ sí òkùnkùn.

Ewu kan ti hàn báyìí. Ojú ìyá náà àti ògiri bíríkì wà ní ìpín kan náà, àwọ̀ wọn méjèèjì sì pọ́n. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú náà yóò rì sínú ògiri. Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn nísinsìnyí: jẹ́ kí ìkùukùu fọ ògiri náà díẹ̀, kí ó mọ́ jù ojú lọ, kí pípọ́n rẹ̀ sì dínkù bí ó ṣe ń jìnnà. Robert Farris Thompson, nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1973 lẹ́yìn tó fi ọ̀rọ̀ wá àwọn tó mọ ọnà Yorùbá lẹ́nu wò, ka ìfarahàn mọ́ òṣùwọ̀n ẹwà ère: kí apá kọ̀ọ̀kan hàn kedere, kí ojú má baà ṣì í mú. Àlétúnlé ni ibi tí ìfarahàn ti ń wá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: dídán

Fún agbẹ́gilére, dídán ni mímú kí ojú igi jọ̀lọ̀. Nínú àkójọ Thompson, ó tún jẹ́ orúkọ ẹwà kan, ìyẹn títàn ojú ère nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá bà á. Fún ẹni tó ń kun àwọ̀ ara àwọn ènìyàn wa, ìtumọ̀ kejì yìí ṣe kókó.

Ẹ̀rọ máa ń fi nọ́ńbà mẹ́ta sọ àwọ̀: irú àwọ̀, láti 0 dé 360, bó ṣe jinlẹ̀ tó, láti 0 dé 100, àti bó ṣe mọ́ tó, láti 0 dé 100. Fún ara tó dúdú dáadáa, a lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 20, 55 àti 40. Fi èyí kun gbogbo ojú, ọrùn àti ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni òjìji. Bí a bá fi dúdú nìkan ṣe é, ara yóò kú, nítorí irú àwọ̀ náà kò yí rárá. Gbé ìpele tuntun lé e, fún un ní ìlànà Multiply, kí o sì fi àwọ̀ pípọ́n bí 15, 35, 55 kun ibi tí ìmọ́lẹ̀ òkè kò dé: abẹ́ gèlè, ihò ojú, abẹ́ imú, abẹ́ àgbọ̀n. Ohun tí Multiply ń ṣe ni pé ó ń sọ ìmọ́lẹ̀ ìpele méjèèjì di ìlọ́po ara wọn. Ìdajì lọ́nà ìdajì jẹ́ ìdá mẹ́rin, nítorí náà kò lè mú kí ohunkóhun mọ́ sí i, òkùnkùn nìkan ló ń fi kún. Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run súnmọ́ búlúù, òjìji tó pọ́n díẹ̀ yóò bá a mu.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ibi tó mọ́. Wọ́n á fi funfun tan àwọ̀ ara náà káàkiri iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ara á wá dà bí èyí tí eérú kùn. Ìdí rẹ̀ ni pé funfun ń fọ ìjìnlẹ̀ àwọ̀ náà dànù. Ọ̀nà méjì ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà padà láti ara ènìyàn sí ojú ẹni tó ń wò ó. Apá kan wọ inú ara, ó gba àwọ̀ ara, ó sì padà jáde. Èyí kéré lára ẹni tó dúdú. Apá kejì kò wọlé rárá; ojú ara ló ta á padà bí omi tàbí epo ṣe ń ta á, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà gan-an ló sì mú lọ. Bí a bá wo ara lọ́gbọọrọ, apá kejì yìí tó nǹkan bí 3 nínú ọgọ́rùn-ún, ì báà jẹ́ ara dúdú tàbí ara pupa. Nítorí pé apá àkọ́kọ́ kéré lára dúdú, apá kejì ló ń hàn jù. Ìdí nìyí tí ara dúdú fi ń dán.

Nítorí náà, má ṣe sọ àwọ̀ ara di mímọ́; fi ohun tó ń dán lé e. Lórí ìpele tuntun, fi àwọ̀ eérú tó súnmọ́ búlúù, bí 210, 12, 75, kun ibi kékeré péré: òkè iwájú orí, igi imú, òkè ẹ̀rẹ̀kẹ́, ètè ìsàlẹ̀. Jẹ́ kí etí rẹ̀ rọ̀ níbi tí egungun ti yí díẹ̀díẹ̀, kí ó sì mú níbi tó ti yí lójijì. Fi àwọ̀ tó rẹ̀wẹ̀sì sí abẹ́ àgbọ̀n láti fi ìmọ́lẹ̀ tí ilẹ̀ tútù dá padà hàn.

Kí o tó kúrò níbí, yẹ iṣẹ́ náà wò. Gbé ìpele tó kún fún dúdú lé gbogbo rẹ̀ lórí, fún un ní ìlànà Color. Àwọ̀ gbogbo yóò pòórá, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ni yóò kù. Bí ìpín mẹ́ta tí o ṣe nínú àlétúnlé kò bá hàn mọ́, àwọ̀ ti da ètò rú. Padà lọ tún un ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: fínfín

Ìsinsìnyí ni a tó lè ya ẹyinjú. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ilé rẹ̀ ti dúró kí a tó ṣí fèrèsé rẹ̀. Fínfín kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Òun ló ń sọ ìtàn ẹ̀dá, bí a bá sì fín èyí tí kò jẹ́ tirẹ̀, irọ́ ni a pa mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilà ojú. Ìyá tí wọ́n bí nílẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1950 lè ní pélé lẹ́rẹ̀kẹ́, ilà mẹ́ta kúkúrú tó dúró gbọọrọ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí ní Woolwich kò ní in. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà ti 2003 pàápàá ka ilà kíkọ sára ọmọdé léèwọ̀. Ẹni tó bá fi àbàjà sí ojú ọ̀dọ́mọkùnrin òde òní kí ó lè rí bí Yorùbá ti sọ àpá ìdílé di ẹ̀wù eré. Bí a bá sì fín pélé, kí a rántí pé ojú àpá ni: inú rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, etí kan a sì máa dán, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe yí.

Aṣọ-òkè náà ní òfin tirẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, ìbú rẹ̀ a máa tó nǹkan bí íǹṣì mẹ́rin, kí wọ́n tó rán an pọ̀. Nítorí náà ojú rírán gbọ́dọ̀ hàn lára gèlè ní ìwọ̀n kan náà, kí ó sì tẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá da àwòrán aṣọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lé gèlè pẹrẹsẹ yóò pa gbogbo ìṣẹ́po tó ti gbé kalẹ̀ nínú àlétúnlé.

Ọjọ́ orí ni ìdánwò ìkẹyìn. Nínú ère Yorùbá, ó ṣọ̀wọ́n kí a fi ìhunjọ ara sọ pé ẹnì kan dàgbà. Thompson ṣàkíyèsí pé ìgbà tí agbára ẹni pé ni ère sábà máa ń gbé ènìyàn kalẹ̀. Àwòrán ìyá wa lè gba ìlà díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ojú, ṣùgbọ́n ìdúró rẹ̀, bó ṣe di báàgì mú, àti bí orí rẹ̀ ṣe tọ́ lábẹ́ gèlè ni kí ó sọ pé àgbà ni. Ìwà lẹwà, ìwà náà ti wà nínú òjìji láti ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́.

Ìgúnlẹ̀

Ìyàtọ̀ wà láàárín igi àti ẹ̀rọ. Agbẹ́gilére ń mú kúrò, ẹni tó ń kun àwòrán ń fi kún. Igi ní ẹ̀yìn tí a lè yí lọ wò, ojú ẹ̀rọ kò ní. Síbẹ̀ ìbéèrè mẹ́rin náà kò yí padà. Ọnà lílé ń béèrè ẹni tó jẹ́. Àlétúnlé ń béèrè ohun tó kó sínú. Dídán ń béèrè bí ìmọ́lẹ̀ ṣe bà á. Fínfín ń béèrè ìtàn tó rù. Ìgbésẹ̀ tó kàn kò lè san gbèsè èyí tó ṣáájú.

Fún àwọn tó ń kọ́ni ní èdè Yorùbá lókè òkun, àǹfààní kan tún wà níbẹ̀. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé àwòrán tí kò dúró wá, olùkọ́ kò ní láti yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn láti sọ ohun tó ṣe é. Ó tó kí ó bi í pé: «Ṣé àlétúnlé rẹ ti parí, tàbí o ti sáré lọ fín in?» Ìbéèrè tí Báńdélé lè bi ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́ ibòji ní Èkìtì ni, ọmọ tó jókòó ti tábúlẹ́ẹ̀tì ní Woolwich yóò sì mọ ohun tí yóò ṣe sí i.